Ìyá Aláṣọ rìn dé Amẹ́ríkà kó tó mọ ohun tó wà ní Kúdẹtì

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀rányàn, tó dàgbà sí Ọ̀rányàn, tó ti ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tí kò sì wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì rí láyé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, béèyàn bá jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán l'Ọ̀rányàn, tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kúdẹtì, ẹ̀kọ náà kò ní í tíì dà nínú ẹ̀ tí yóò fi débẹ̀. Àfi ìgbà tí Ìyá Aláṣọ wọ bàálù, tó rìn dé ìlú San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà, ló tó mọ̀ pé nǹkan kan wà lẹ́yìnkùlé ilé àwọn tí òun kò mọ̀.

Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ọjà ń pè é, orúkọ náà sì tó o. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i. Ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló bímọ ní 2017, ló bá ránṣẹ́ sílé pé kí màmá òun wá bá òun gbé ọmọ. Gbogbo ẹni tó ti lọ ṣe é rí ló mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ gbígbé lókè òkun ṣe máa ń rí. Oṣù méjì àkọ́kọ́, inú ilé ni. Ẹ wẹ ọmọ, ẹ pọn ọmọ, ẹ jókòó ti tẹlifíṣàn tí ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ kò yé yín dáadáa. Ọjọ́ Sunday kan ni ọkọ ọmọ ẹ̀ wá ní, "Màmá, ẹ múra, ẹ jẹ́ ká mú yín jáde. Ibì kan wà tí gbogbo àlejò ìlú yìí máa ń lọ wò."

Ibi tí wọ́n mú un lọ náà ni wọ́n ń pè ní Mission San José. Ilé ìjọsìn àtijọ́ ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọgbà ńlá kan yí i ká, àwọn yàrá kéékèèké sì tò lọ lára ògiri ọgbà náà bí ìgbà téèyàn bá to sọ́ọ̀bù. Àwọn àlúfáà ìjọ Àgùdà láti Sípéènì, àwọn tí wọ́n ń pè ní Franciscan, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1720. Irú ẹ̀ márùn-ún ló wà létí odò San Antonio. Àkọ́kọ́ nínú wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1718, ni wọ́n sọ di Alamo tí orúkọ ẹ̀ kàn káàkiri ayé nítorí ogun tí wọ́n jà níbẹ̀ ní 1836. Ní 2015 ni àjọ UNESCO kó gbogbo wọn pọ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ìyá Aláṣọ rò pé òkúta lásán ni wọ́n fẹ́ fi han òun. Àmọ́ bí wọ́n ṣe débẹ̀, orin ni wọ́n bá. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, àwọn tó ń ta gìtá ń ta gìtá, àwọn tó ń fọn fèrè ń fọn fèrè, ilé ọlọ́dún gbọọrọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ wú màmá lórí.

Nígbà tí ìsìn parí, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn àlejò yípo, ó ń ṣàlàyé, ọmọ Ìyá Aláṣọ sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá sí i létí. Ọkùnrin náà kò fi nǹkan pa mọ́. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ni ọba Sípéènì torí ẹ̀ rán àwọn àlúfáà náà wá. Àwọn Faransé ti wà ní Louisiana nítòsí, ọba Sípéènì kò sì fẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ náà mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé agbègbè náà, tí wọ́n ń pè ní Coahuiltecan, wọ inú ọgbà náà nítorí ebi, nítorí àrùn, àti nítorí àwọn Apache tó ń kógun jà wọ́n. Inú àwọn yàrá ara ògiri yẹn ni wọ́n ń gbé. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ oko, wọ́n kọ́ wọn ní aṣọ híhun, wọ́n kọ́ wọn ní òkúta gbígbẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti wọlé, tí wọ́n sì ti rì bọmi, kò lè jáde bó ṣe wù ú mọ́. Tó bá sá lọ, wọ́n á rán èèyàn lọ mú un padà. Èdè wọn parẹ́, orúkọ wọn yí padà, àrùn tí àwọn Òyìnbó gbé wá sì pa ọ̀pọ̀ wọn.

"Ṣùgbọ́n wọn kò tán," lọkùnrin náà wí. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà nílùú, pé àwọn kan nínú wọn máa ń lọ wo ìwé tí àwọn àlúfáà kọ orúkọ àwọn tí wọ́n rì bọmi sí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó bí ẹni tó bí wọn. Ó wá kọjú sí màmá, ó béèrè ibi tó ti wá. Wọ́n ní Nàìjíríà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé irú èyí wà lọ́dọ̀ yín?"

Ìyá Aláṣọ mi orí. Ó ní, "Kò sí o."

Ẹ̀yin èèyàn, "kò sí" yẹn ló wá padà dààmú màmá.

Ó padà sí Ìbàdàn ní 2018, ó bá ọjà ẹ̀ lọ. Ní 2019 ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀ nínú agboolé wọn l'Ọ̀rányàn. Olówó kan ló fẹ́ ra iwájú agboolé náà, ibi tó kọjú sí títì, ó fẹ́ kọ́ sọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tówó bá ti fẹ́ wọ agboolé, ìtàn tó ti sùn láti ọdún pípẹ́ á jí dìde. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní wọ́n á pín owó náà ní ìdí-igi ìdí-igi, bí àṣà Yorùbá ṣe là á sílẹ̀. Ìyá Aláṣọ fi ìka kà á: baba ńlá wọn fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ìdí igi mẹ́ta nìyẹn. Ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ kan, Alájì tó jẹ́ àgbà nínú ẹbí, bá wú ikọ́, ó ní, "Méjì ni."

Wọ́n ní báwo? Ó ní, "Ìdí igi méjì ló ni ilé yìí. Ẹ̀yin ọmọ ará Kúdẹtì, ẹ̀ ń gbé ibẹ̀ ni, a ò lé yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn tí ìyá wọn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé pín nǹkan wọn."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá ni kò ní í mọ ohun tó sọ. Ẹni tí kò fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé, ṣé kì í ṣe ẹni tí wọ́n mú wọlé ni? Àbúrò Ìyá Aláṣọ ọkùnrin dìde, ó fẹ́ gbá Alájì mú, wọ́n dá a dúró. Ìpàdé tú.

Ìyá Aláṣọ kò sùn lóru ọjọ́ náà. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ "ọmọ ará Kúdẹtì" tí àwọn èwe bá ń jà nínú agboolé. Ó rò pé èébú lásán ni, bí ìgbà tí wọ́n ń pe èèyàn ní elétí ẹkùn. Kò béèrè rí, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ibi tó ti ń rò ó ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin onífìlà San Antonio bá sọ sí i lọ́kàn. Àwọn ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn, tí wọ́n gba èdè wọn, tí wọ́n gba orúkọ wọn, àwọn wọ̀nyẹn ń wá ìdí ara wọn nínú ìwé. Kí lòun wá jókòó ti?

Nígbà tó di àárọ̀, kò lọ sọ́jà. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà lọ, àbíkẹ́yìn bàbá ẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì ṣùgbọ́n tí ọpọlọ ẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Àbúrò ẹ̀ ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un pé kó má lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tú isà òkú o. Tẹ́ ẹ bá lọ bá ohun tí Alájì sọ níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa gbọ́ ọ ni?" Ẹ̀rù ń ba Ìyá Aláṣọ náà, ṣùgbọ́n ó lọ.

Ó kúnlẹ̀, ó kí Ìyá Àgbà. Ó ní, "Ìyá mi, ta ni Ará Kúdẹtì?"

Ìyá Àgbà dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí. Ó gbé mi pọ̀n o. Ìyá-bàbá mi ni."

Kí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà tó lè yé èèyàn, ó yẹ kéèyàn rántí ogun Ìjàyè. Aláàfin Àtìbà ló wàjà ní 1859, wọ́n fi ọmọ ẹ̀, Adélù, jọba. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ní irọ́ ni, pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ó yẹ kí Àrẹ̀mọ bá bàbá ẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní oṣù kẹta ọdún 1862. Àwọn ẹni tí kò kú, tí kò sì rí ibi sá sí, ìkógun ni wọ́n. Wọ́n kó wọn wọ Ìbàdàn, agboolé jagunjagun kọ̀ọ̀kan sì mú tiẹ̀.

Ìyá Àgbà ní ọmọ bí ọdún mẹ́jọ ni ìyá-bàbá òun nígbà náà. Ọ̀rányàn ni wọ́n mú un wá. Ọmọ náà ń ṣàìsàn, kò lè ru igi, kò lè pọnmi. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, tí ọ̀nà ṣí, olúwa ẹ̀ gba owó ẹyọ díẹ̀, ó sì fà á lé àwọn Òyìnbó Kúdẹtì lọ́wọ́. "Ó máa ń sọ fún wa pé owó tí wọ́n gbà lórí òun kò tó owó ewúrẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó máa ń fi rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n omi máa ń wà lójú ẹ̀."

Kúdẹtì ló dàgbà sí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ abẹ́rẹ́ lílò, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tó dàgbà tán, ta ló wá rí i lójú ọ̀nà odò tí ìfẹ́ ẹ̀ kó sí i lórí? Ọmọkùnrin kan ni, ará agboolé Ọ̀rányàn, agboolé kan náà tí wọ́n ti mú un wọ̀ bí ìkógun. Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ lórí ẹní. "Ó lọ tọrọ ẹ̀ ní Kúdẹtì! Wọ́n béèrè ìdáná lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e lọ. Nínú ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí bàbá-bàbá mi fẹ́, ojú ẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀ tó fi wọlé. Ìyá àwọn Alájì ńkọ́? Opó ni, wọ́n ṣú u lópó ni. Kí ló wá ń fọ́n sí?"

Ìyá Aláṣọ bú sẹ́kún. Kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ni àbí ìbànújẹ́.

Ìyá Àgbà kò tíì tán. Ó ní, "Ṣé o rántí bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣe tí agogo Kúdẹtì bá lù lọ́jọ́ Ìsinmi?" Ìyá Aláṣọ rántí. Mùsùlùmí ni bàbá ẹ̀, ìrun kì í yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láyé ijọ́un tí ariwo mọ́tò kò tíì pọ̀, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, bàbá á dá ọwọ́ dúró. Tó bá ń lọ́ aṣọ mọ́ra, á dúró. Tó bá ń gé ẹran, á dúró. Tí agogo bá dákẹ́, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìdí ẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun gan-an kò mọ ìdí ẹ̀ dáadáa: "Bí Ìyá wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A kàn ń ṣe é ni."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aláṣọ mú ọmọ ọmọ ẹ̀ kan dání, wọ́n mórí lé Kúdẹtì. Wọ́n gba Ọjà'ba kọjá, ó gbójú sókè wo Mapó lórí òkè, gbọ̀ngàn òpó rìbìtìrìbìtì tí wọ́n ṣí ní 1929, tí gbogbo àlejò tó bá wá sí Ìbàdàn ń ya fọ́tò ẹ̀. Ó ní nínú ara ẹ̀ pé, èyí tí ìjọba Òyìnbó kọ́ ni gbogbo wa mọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó di Kúdẹtì.

Ṣọ́ọ̀ṣì St. David's ló wà níbẹ̀, òun sì ni ìyá ṣọ́ọ̀ṣì Ìbàdàn. Àgbàlagbà kan tó bá nínú ọgbà ló mú wọn jókòó, tó sọ ìtàn ibẹ̀ fún wọn. Oníwàásù kan tó ń jẹ́ David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù rán wá, ló kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ìbàdàn ìgbà náà kò tíì ju bí ọdún méjìlélógún lọ lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn ìjòyè jókòó lé ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ wọlé, pé irú wọn ló ń ba ìlú jẹ́. Àwọn kan ní ṣebí wọ́n wà l'Ábẹ̀òkúta, kí ló dé tí tiwa fi máa yàtọ̀. Wọ́n dá Ifá, Ifá ní kí wọ́n gbà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀: Ifá ló ṣílẹ̀kùn fún ìwé Mímọ́ n'Íbàdàn.

Ní 1853, ó padà wá pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, Anna, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Olúgbódé ni Baálẹ̀ nígbà náà, Ìbíkúnlé ni Balógun. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ yọ̀ǹda ọmọ ẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, pé kí wọ́n lọ kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí ló ṣáájú gbogbo ọmọ Ìbàdàn lọ sílé ìwé. Orúkọ Yéjídé náà ló wà lára ilé ìwé Yéjídé Girls' Grammar School. Inú ìdílé Olúńlọ́yọ̀ọ́ yìí náà ni Dókítà Ọmọ́lolú Olúńlọ́yọ̀ọ́ ti wá, ẹni tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1983, tó sì kú ní 2025.

Nígbà tí ogun Ìjàyè dé, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí. Owó kò wọlé fún àwọn Òyìnbó náà mọ́, oúnjẹ kò sí. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta ohun èlò ilé, ebi pa wọ́n bí ebi ṣe ń pa gbogbo ìlú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí gómìnà Èkó tó rán ọ̀gá ológun kan wá mú Anna jáde ní 1865. Wọ́n tún padà wá, ṣùgbọ́n ara Anna kò gbà á mọ́. Ó lọ pátápátá ní 1869, ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870.

Ta ló wá tọ́jú ilé náà? Ọmọ Yorùbá ni, Dáníẹ́lì Olúbí, ọmọ Ẹ̀gbá tó bá wọn wá bí ọmọ ọ̀dọ̀, tó sì di àlùfáà. Òun ló di ìjọ Ìbàdàn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú ní 1912. Inú ilé ìwé wọn náà ni Samuel Johnson ti kàwé lọ́mọdé, ẹni tó padà kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń gbé lọ́wọ́ lónìí, tí àbúrò ẹ̀ ṣàtúnṣe sí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú ẹ̀. Nígbà tí ogun Kírìjì sì ń lọ, Johnson yìí wà lára àwọn tí wọ́n rán láàárín ológun sí ológun tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886.

Ìyá Aláṣọ fetí sílẹ̀, ó ń fi ti San Antonio wé e. Lọ́hùn-ún, sójà wà lẹ́yìn àlúfáà, ọba Sípéènì ló ni ìdà. Níbí, àwọn jagunjagun Ìbàdàn ló ni ìdà. Ilẹ̀ tí wọ́n fún Òyìnbó ló kọ́lé sí, ebi tó pa ìlú ló pa á. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má sọ òótọ́ tó kù. Àgbàlagbà náà kò fi pa mọ́: ó ní nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ gan-an, àwọn kan ní ẹrú nílé, tí àwọn ọ̀gá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù fi pàṣẹ ní nǹkan bí 1880 pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ó sì ní Òyìnbó tó wá gẹ́gẹ́ bí àlejò ní 1851, àwọn èèyàn ẹ̀ ló fọwọ́ lé Ìbàdàn ní 1893, tí wọ́n fi Captain Bower jókòó tì wọ́n lórí.

Màmá wá béèrè ohun tó gbé e wá. Ó béèrè bóyá orúkọ ìyá-bàbá-bàbá òun wà níbì kan. Àgbàlagbà náà béèrè orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́ níbi ìrìbọmi. Ìyá Aláṣọ la ẹnu sílẹ̀. Kò mọ̀. "Ará Kúdẹtì" nìkan ló mọ̀. Bàbá náà mi orí, ó ní láìsí orúkọ ìrìbọmi, wíwá a á dà bí wíwá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Ó ní ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ CMS ayé ijọ́un ti wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n bá rí ọmọ tó lè fara balẹ̀ wò ó.

Ìyá Aláṣọ dìde, ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó rìn yípo ọgbà náà lẹ́sẹ̀ lásán. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ní, "Ìyá àgbà, kí lẹ̀ ń wá?" Ó ní, "Mi ò wá nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ kí ẹsẹ̀ mi kan ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kàn ni."

Wọ́n tún pe ìpàdé ẹbí. Ìyá Aláṣọ gbé Ìyá Àgbà wá nínú mọ́tò. Alájì rí i, ojú ẹ̀ yí padà. Ìyá Àgbà sọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, níṣojú tọmọdé tàgbà. Àbúrò Ìyá Aláṣọ ti fẹ́ fò fáyọ̀, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́! Ìdáná ni wọ́n san! A kì í ṣe ọmọ ẹrú!"

Ìyá Aláṣọ ní kó jókòó. Ó ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú un lẹ́rú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú un lẹ́rú, inú ilé yìí náà ni wọ́n mú un wá. Ká ní kò dé Kúdẹtì, ká ní wọn kò san ìdáná kankan lórí ẹ̀, ọmọ tó bí fún bàbá wa, ọmọ bàbá wa náà ni. Ta ló yẹ kójú tì, ẹni tí wọ́n tà, àbí ẹni tó tà á?"

Alájì wolẹ̀. Olórí ẹbí, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló wá la ohùn. Ó ní nínú àṣà Yorùbá, ọmọ tí ọmọ ilé bá bí, ọmọ ilé ni, ìbáà jẹ́ obìnrin wo ló bí i. Ó ní àti pé ta ni kì í ṣe àlejò n'Íbàdàn? Ó ní ogun ló kó gbogbo wọn jọ, àwọn kan sá wá láti Ọ̀yọ́ ilé, àwọn kan láti Ifẹ̀, àwọn kan láti Ìjẹ̀bú, àwọn kan láti Òwu, ọkọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń sá fún. Ó ní ìdí igi mẹ́ta ni, pé ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má ta ilẹ̀ náà rárá.

Ṣé inú gbogbo wọn dùn? Rárá o. Alájì kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún bí oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n pín owó náà, ìdí igi mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, òun náà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nínú ìpín ti Ìyá Aláṣọ, ó yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan tó wà ní Yunifásítì, pé kó máa fi wọ mọ́tò lọ sí ilé àkójọ ìwé lọ́jọ́ tí àyè bá gbà á. Títí di òní, wọn kò tíì rí orúkọ náà. Màmá ní kò burú, pé ẹni tí wọ́n ń wá ti sàn ju ẹni tí wọ́n gbàgbé lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìpàdé parí, ó pe ọmọ ẹ̀ ní San Antonio lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé o rántí ọkùnrin onífìlà tó bi mí pé ṣé irú èyí wà lọ́dọ̀ wa?"

Ọmọ náà ní òun rántí.

Ó ní, "Tó o bá tún débẹ̀, tó o bá bá a níbẹ̀, bá mi sọ fún un pé irọ́ ni mo pa fún un. Sọ pé màmá ní ó wà."